Ìbọn Tó Ń Gun Ògiri

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí Maṣan ṣe nídìí ìbọn àtijọ́, odidi àgùntàn kan ló bá a lọ.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fìríìjì ní Cetinje nígbà náà, kò sì mọ ohun tó fẹ́ máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gòkè lọ sí abúlé ìyá rẹ̀, ó tú àpótí ọkà, ó sì bá ìbọn ìléwọ́ kan nínú rẹ̀, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí, tó wúwo bí ọmọ ọwọ́. Ó fi òróró nù ún títí ó fi ń dán, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó sì rí nọ́mbà mẹ́rin tí wọ́n lù sára irin rẹ̀: 1796. Maṣan pariwo débi pé Gospava ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti yìnbọn lu ara rẹ̀.

Kò sí ọmọ Cetinje tí kò mọ 1796. Ọdún yẹn ni àwọn baba ńlá wọn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Tọ́kì, tí wọ́n sì gbé orí ọ̀gágun àwọn Tọ́kì wálé. Maṣan kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Ó pa àgùntàn, ó pe gbogbo àdúgbò, ó tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì, ó gbé ìbọn lé e bí ìyàwó tuntun, ó wá gbé ife ọtí rákíà sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó dáadáa! Ìbọn tó wà lójú ogun ní 1796 rèé, nínú ilé èmi Maṣan!"

Jagoṣ tó ń gbé ní ilé kejì kò sọ nǹkan kan títí ó fi jẹ ẹran tó wà nínú àwo rẹ̀ tán. Jagoṣ yìí ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ìlú náà ní ìtàn fún ọdún méjìdínlógójì, bó sì ti fẹ̀yìn tì tó, bírò pupa rẹ̀ kò kúrò lápò àyà rẹ̀. Ó nu ẹnu, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Maṣan."

"Àbúrò mi, máa wí, mò ń gbọ́."

"Irú ìbọn yìí, wọn ò tíì ṣe ẹyọ kan nínú rẹ̀ láyé kó tó di 1870. Ohun tí o rí yẹn kì í ṣe ọdún. Nọ́mbà tí wọ́n fi kà á ni níbi tí wọ́n ti ṣe é, bí a ṣe ń kọ nọ́mbà sára àga ilé ìwé."

Maṣan wo ìbọn, ó wo Jagoṣ, ó wo àgùntàn tó ti di egungun.

"Ó dáa," ló wí. "Gbogbo yín, ẹ gbé àwo yín wá, kí n kó ẹran mi padà."

"Àbúrò mi" tó pe Jagoṣ yẹn, ẹ má gbójú fò ó. Oṣù kẹta ọdún 1944 ni wọ́n bí Jagoṣ. Oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni wọ́n bí Maṣan, Jagoṣ sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ni Maṣan ti ń sọ pé 1943 ni wọ́n bí òun, pé yìnyín ló dí ọ̀nà tí àlùfáà kò fi tètè kọ orúkọ òun sílẹ̀. "Nígbà tí wọ́n máa fi kọ ọ́," a máa wí, "èmi fúnra mi ni mo bá wọn di ìgò íńkì mú." Ta ló máa kọ́kọ́ gba ife ọtí? Ta ló máa kọ́kọ́ wọlé? Ní ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀, oníkálukú ní òun lẹ̀gbọ́n, òun lòun ń wọlé ṣáájú, títí onígbàjámọ̀ fi ti ilẹ̀kùn tó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹlòmíràn ì bá fi ìtìjú gbé ìbọn náà padà sínú àpótí ọkà. Maṣan kọ̀. Ó ra awò ńlá kan tó ń sọ kòkòrò di màlúù, ó tún ra ìwé nípa ìbọn àtijọ́, ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì. Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, Maṣan kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè náà.

"Báwo lo ṣe fẹ́ kà á?" ni Jagoṣ bi í, inú rẹ̀ ń dùn.

"Àwòrán wà níbẹ̀. Fìríìjì náà ò sọ èdè wa rí, ogójì ọdún ni mo sì fi gbọ́ ohun tó ń wí."

Ohun tó bí Jagoṣ nínú ni pé ó kà á lóòótọ́. Kí ọdún kan tó pé, Maṣan ti mọ ohun tí Jagoṣ kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbé ara rẹ̀ jókòó tì í. "Má kọ́kọ́ wo nọ́mbà," a máa wí bí ẹni tí nọ́mbà kò tàn jẹ rí. "Òǹtẹ̀ ni kí o wá. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe ìbọn, ìjọba á dán an wò bóyá kò ní bú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n á wá lu òǹtẹ̀ sí i lára. Ti Vienna ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù, òǹtẹ̀ rẹ̀ rí roboto bí ẹyin, lẹ́tà mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Bí adé bá wà lórí ẹyin náà, ìbọn náà kò ṣáájú 1893. Bí adé ò bá sí, ó ṣáájú." Ó sọ ọ́ títí ó fi wọ inú ilé ìdáná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Gospava mú ẹyin kan sókè níwájú àlejò, ó yí i wò, ó ní: "Kò sí adé lórí èyí. Ó ti pẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká dà á nù."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọba àtijọ́ ló ti ní kí gbogbo ọkùnrin tó tó ọkùnrin máa fi irú ìbọn yìí sínú ìgbànú, gbogbo ilé ló sì gbà pé ọwọ́ ọba fúnra rẹ̀ ló gbé tiwọn lé baba ńlá àwọn lọ́wọ́. Maṣan gbọ́ ìtàn yẹn ní ilé àkọ́kọ́, ó gbọ́ ọ ní ilé kẹwàá, ó gbọ́ ọ ní ilé ogójì. Nígbà tó dé ti ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ó gbé awò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ọba yìí tó ń pín ìbọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ìgbà wo ló ráyè jẹun?"

Òun ní tirẹ̀ máa ń ráyè jẹun. Ní àwọn ilé àkọ́kọ́, kété tó bá ti wo òǹtẹ̀ ló máa ń sọ òótọ́, wọ́n á sì ti gbé àwo ẹran gbígbẹ àti wàràkàṣì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó tó pa ẹnu dé. Kò pẹ́ tó fi kọ́gbọ́n. A jẹ ẹran, a jẹ wàràkàṣì, a mu rákíà méjì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó onílé, a wọ kóòtù rẹ̀, a fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Ìgbà yẹn ni yóò tó wí pé: "Liège ni, lẹ́yìn 1893. Ó dàbọ̀ o."

Jagoṣ ń wo gbogbo èyí láti ojú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ ń gbóná. Òun ni ìlú ń pè ní Tíṣà. Òun ni wọ́n máa ń dá dúró lójú pópó láti bi léèrè ọjọ́ tí ogun kan ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ á kí i kíákíá, wọ́n á sọdá sọ́dọ̀ Maṣan pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Maṣan, ẹni tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ Jagoṣ ló ti máa ń jí ìdáhùn wò nígbà ìdánwò! Lọ́jọ́ tí Rosanda, obìnrin tó ń ṣe olórí ibi tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí, fi mọ́tò wá gbé Maṣan nílé kó lè bá wọn wo ìbọn wọn, aládùúgbò kan bi Jagoṣ pé kí ni wọ́n pè é fún.

"Fìríìjì wọn ló bàjẹ́," ni Jagoṣ dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìbọn kan wà tí Maṣan kò tíì fọwọ́ kàn. Nílé Jagoṣ ló wà, lókè ààrò, láàárín àwòrán ẹni mímọ́ àti aago, èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun funfun. Vidak tó bí bàbá bàbá Jagoṣ ló ni ín. Vidak ṣubú lójú ogun ní 1876, pẹ̀lú ìbọn yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Jagoṣ ti sọ ìtàn náà fún gbogbo kíláàsì tó kọ́, ọdún kọ̀ọ̀kan, fún ọdún méjìdínlógójì, ó sì máa ń bèèrè rẹ̀ nínú ìdánwò.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹyin Gospava ni ara Jagoṣ kò balẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó gorí àga, ó sọ ìbọn náà kalẹ̀, ó fi awò ojú méjì lé ara wọn, ó sì wá òǹtẹ̀. Ó rí ẹyin. Lórí ẹyin náà, kékeré bí orí èèrà, adé jókòó.

Jagoṣ jókòó pẹ̀lú. Lẹ́yìn 1893. Vidak ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó dán ìbọn náà wò. Kíláàsì méjìdínlógójì ni òun ti kọ́ ní irọ́, òun tó ti fa igi pupa sí ìwé ọmọ ènìyàn nítorí ọdún kan péré. Bí Maṣan bá rí i, ńkọ́? Maṣan, tí òun tú àṣìṣe rẹ̀ síta nídìí àgùntàn níwájú gbogbo àdúgbò! Ó dìde, ó gbé ìbọn náà kọ́ padà, ó sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, bí òkìkí Maṣan bá ti ń ga ni ìbọn Vidak ń gun ògiri. Wọ́n kọ nípa Maṣan nínú ìwé ìròyìn: ìbọn gòkè. Wọ́n pè é lọ sí Podgorica láti wá wo ìbọn ọ̀gá kan: ìbọn gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún kẹfà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ẹni tó bá sì fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ di ọrùn ara rẹ̀ mú. Maṣan a máa wá mu kọfí níbẹ̀ ní Sátidé, a gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo òṣùpá.

"Jagoṣ, ìbọn yín yìí ń dàgbà o."

"Èéfín ààrò ni mò ń gbé e sá fún."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ilẹ̀ ni èéfín ilé tiyín máa ń gbà lọ?"

Ọdún kẹfà yẹn náà ni Rosanda ní àwọn máa pàtẹ ìbọn àtijọ́ gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, pé Maṣan ni yóò kọ káàdì tí wọ́n máa fi sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá bá Jagoṣ nílé, Maṣan tẹ̀ lé e.

"Tíṣà, tiyín ló yẹ kó wà níwájú pátápátá," ni Rosanda wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nípa rẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Mo ṣì rántí: 1876."

Kí ni Jagoṣ fẹ́ wí? Bó bá kọ̀, wọ́n á bèèrè ohun tó ń fi pamọ́. Maṣan ti gbé àkàsọ̀ wá láti ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rán an. Jagoṣ gun àkàsọ̀, ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó nà án sí ọkùnrin tó ti ń dúró dè é fún ọdún mẹ́fà. Maṣan mú awò rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ síwájú fèrèsé, ó yí ilé ọta lẹ́ẹ̀kan. Aago ń lọ. Awò náà dúró síbì kan, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Maṣan ti awò bọ àpò. "Ìbọn dáadáa ni," ló wí. "Ṣé kọfí ti jinná?"

Jagoṣ ì bá dúpẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú ló bí i. Ọkùnrin yìí ti wo ojú àlùfáà, ó ti sọ òótọ́ fún un. Ó ti wo ojú ọlọ́pàá. Èmi ni yóò wá máa ṣàánú? ni Jagoṣ ń rò. Ẹni tí mo fi oṣù mẹ́jọ jù!

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Maṣan wọ kóòtù tó fi gbé ìyàwó. Káàdì wà níwájú gbogbo ìbọn, òótọ́ sì wà lórí gbogbo káàdì: Vienna, nǹkan bí 1880, Liège, lẹ́yìn 1893, Liège, lẹ́yìn 1893. Àwọn tó ni wọ́n dúró tì wọ́n, ojú wọn korò. Ṣùgbọ́n níwájú pátápátá, lórí aṣọ pupa, káàdì tó tóbi jù lọ wà níbẹ̀: "Ìbọn Vidak. Òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú lójú ogun ní 1876."

Àwọn ènìyàn ń bọ Jagoṣ lọ́wọ́. "Tíṣà, ẹ kú oríire." "Tíṣà, tiyín nìkan ni ògidì." Ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́fà rèé: ìbọn rẹ̀ níwájú, ìlú lẹ́yìn rẹ̀, Maṣan ní igun yàrá. Ó gbìyànjú láti jẹ adùn rẹ̀. Kò dùn. Ó wo Maṣan, Maṣan ń wo àjà bí ẹni tó ń wá ìbọn Vidak níbẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ gba ìmọ̀ lọ́wọ́ mi, ni Jagoṣ rò, ó wá fẹ́ gba inú rere náà mọ́ ọn. Láàárín ọdún mẹ́fà, àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó sì fi ọwọ́ tó rẹwà kọ ọ́.

Bírò pupa jáde. Jagoṣ fa igi sórí 1876, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: "Lẹ́yìn 1893. Adé wà lórí òǹtẹ̀ rẹ̀." Ó fi àmì ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe sí ìwé ọmọ tó fìdí rẹmi.

Maṣan sáré láti igun yàrá wá.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Mo tún un ṣe ni."

"O tún un ṣe? Jagoṣ, àṣìṣe yẹn, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́!"

Ẹ̀rín bú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì náà gbé ohùn sókè: "Tíṣà, bọ́rọ̀ bá wá rí bẹ́ẹ̀, ìbọn wo wá ni Vidak mú lọ sógun?"

Maṣan ló bá Jagoṣ dáhùn.

"Tèmi ló yá lò," ló wí. "Ti 1796."

Lọ́jọ́ kejì, Jagoṣ gbé ìbọn náà wálé, ó sì gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ lè tó. Maṣan kò ṣíwọ́ wíwá ní Sátidé. A máa gbé e lé itan bí ológbò bó bá ń mu kọfí. Sátidé kan báyìí ló sọ ohun tí Jagoṣ kò gbàgbé títí dòní.

"Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá bàbá rẹ nígbà tí Vidak kú?"

"Mẹ́rin."

"Òun ló ra èyí, nígbà tó dàgbà. Kò rántí ojú bàbá rẹ̀, ìbọn yẹn nìkan ló rántí. Ó wá irú rẹ̀ rà, ó gbé e kọ́ ògiri, ó ní ti bàbá òun ni. Lójú tèmi o, àbúrò, ìbọn Vidak ni."

Jagoṣ yí ojú sí ààrò. Òun lẹni tó kàwé ìtàn láàárín àwọn méjèèjì, èrò yẹn kò sì wá sí i lọ́kàn rí. Ó jowú rẹ̀ títí kọfí fi tutù.

Ní oṣù kejì, ọdún méjì sẹ́yìn, àyà mú Maṣan, kò sì dìde mọ́. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde ikú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìlà dúdú yí ká, mọ́ àwọn igi ìgboro gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo òkú. Níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Jagoṣ ti rí àkọ́kọ́. Ó ka orúkọ, ó ka ọdún ìbí: 1943.

Ọwọ́ rẹ̀ ti fa bírò pupa yọ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. 1943! Ó ti yọ ìdérí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, yìnyín ń bọ́ sí i léjìká, àwòrán Maṣan ń wò ó láti ara igi pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ bèèrè ibi tí èéfín ń gbà.

Gospava ti ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì bọ̀, gbogbo aṣọ rẹ̀ dúdú. Ó rí bírò.

"Tíṣà, ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni? Bó ṣe ní kí n kọ ọ́ ni mo kọ ọ́."

Jagoṣ dé bírò náà, ó dá a padà sápò.

"Rárá o, Gospava. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé ọtí rákíà wá sínú ilé. Ẹni tó ń bu ọtí wo yíká, ó rí i pé Jagoṣ ló dàgbà jù níbẹ̀, ó sì na ife àkọ́kọ́ sí i. Jagoṣ kò gbà á.

"Ẹ kọ́kọ́ ta á sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Maṣan wà ní ibi ìsìnkú lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lókè ìlú, ní ìlà kẹta láti ẹnu ọ̀nà, lápá òsì. 1943 ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀.